Ẹ̀yin tó ń fi ẹ̀rọ wá owó àtijọ́ l'Ékòó, báwo lẹ ṣe ń dá ohùn owó mọ̀ yàtọ̀ sí ti ìdérí ìgò?

Adé_Yábàá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù ló fi metal detector ta mí lọ́rẹ, mo sì ti ń gbé e kiri àgbàlá ilé ìyá wa àgbà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ilé àtijọ́ ni. Wọ́n ti ń tajà níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi, nítorí náà ó dá mi lójú pé owó á wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń dààmú mi ni pé gbogbo nǹkan ló ń dún. Ẹ̀rọ á dún "píìì" tó mọ́lẹ̀ kedere, nọ́ńbà á gòkè, mo gbẹ́lẹ̀, ìdérí mínírà ni. Ojú ẹ̀rọ ń fi nọ́ńbà hàn láti 0 dé 99, ṣùgbọ́n owó Amẹ́ríkà nìkan ni ìwé tó bá a wá ń sọ. Kò sí ṣílè níbẹ̀, kò sí kọ́bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí ẹ̀, kí lẹ máa ń gbọ́ kí ẹ tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀? Mo tún fẹ́ lọ sí Elégúshì, bí ẹnikẹ́ni bá mọ bí ti etí òkun ṣe rí.

Bàbá_Rélùwéè

Adé ọmọ mi, o kú ìfẹ́ iṣẹ́ yìí. Fi nọ́ńbà sílẹ̀ ná. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe orúkọ ohun tó wà nílẹ̀. Owó fàdákà àti abala bàbà tó já lára wáyà lè fún ọ ní nọ́ńbà kan náà gẹ́lẹ́. Etí ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ojú tó tẹ̀ lé e. Ra hẹ́ẹ̀dìfóònù bí o kò bá tíì ní, torí ariwo àdúgbò kò ní jẹ́ kí o gbọ́ ohun tó yẹ kí o gbọ́.

Tó bá dún, má tíì gbẹ́lẹ̀. Gbá kọ́ìlì, ìyẹn awo ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, lọ gbá a bọ̀ lórí ibẹ̀, kó sún mọ́ ilẹ̀ dáadáa, kó má sì máa gbéra sókè ní ìparí bí ẹni tó ń gbálẹ̀. Owó tó tẹ́ pẹlẹbẹ máa ń dún bákan náà ní àlọ àti ní àbọ̀: ohùn kúkúrú, tó yí, tó ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Lẹ́yìn náà, yí ẹsẹ̀ rẹ, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí o wá gbá a ní ìbú. Bí ohùn náà bá dúró, tí nọ́ńbà kò fò ju bíi méjì sí mẹ́ta lọ, gbẹ́ ẹ. Bó bá jẹ́ pé ìhà kan ló ti dáa, tí o yí padà tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, tó ń họ, tàbí tó dákẹ́ pátápátá, ìṣó ni, tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn. Ìṣó gùn, nítorí náà ọ̀nà tí o bá gbà dé orí rẹ̀ ló máa pinnu bó ṣe máa dá ọ lóhùn.

Lo pinpoint pẹ̀lú, ìyẹn bọ́tìnì tó ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan náà wà gan-an. Tó bá jẹ́ owó, ibi tí pinpoint bá tọ́ka sí àti ibi tí o ti gbọ́ ohùn nígbà tí o ń gbá kọ́ìlì á bára mu. Irin tó ń díbọ́n bí owó sábà máa ń ní kí o wá síbí, kí pinpoint sì ní kí o lọ sọ́hùn-ún.

Kí o sì gbé kọ́ìlì sókè díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí ibẹ̀. Ohùn owó á tètè kú. Agolo tàbí páànù tó wà nísàlẹ̀ á ṣì máa ké nígbà tí kọ́ìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún rẹ.

Má fojú di ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Owó tó ti pẹ́ nílẹ̀ ti wọlẹ̀, ohùn rẹ̀ kò lè le. Nọ́ńbà rẹ̀ lè máa ṣíra díẹ̀, ṣùgbọ́n á máa tún ara rẹ̀ sọ ní gbogbo ìgbà tí o bá kọjá lórí rẹ̀. Ohun tó ń pariwo jù lọ nínú àgbàlá sábà máa ń jẹ́ ohun tí wọ́n jù sílẹ̀ láìpẹ́.

Kọ́lá_Múṣin

Fún ìdérí ìgò pàápàá: ṣí ètò tó ń jẹ́ kí o gbọ́ irin sílẹ̀, má pa á. Bí o bá ti rí àárín ohùn náà, máa mi kọ́ìlì wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀, kí o sì máa fà á sẹ́yìn sọ́dọ̀ ara rẹ títí imú kọ́ìlì á fi kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ owó, ohùn á kàn máa lọ sílẹ̀ títí á fi tán. Tó bá jẹ́ ìdérí, bí imú kọ́ìlì ṣe ń bọ́ kúrò lórí rẹ̀ ló máa kùn "ùúù" bí irin. Kọ́ìlì DD, èyí tí wáyà méjì inú rẹ̀ rí bí lẹ́tà D méjì, ni mo ń sọ o, ìyẹn ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí ń lò.

Ẹnjiníà_Ọ̀tìgbà

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìdérí fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìdí ẹ̀ kò ní nílò kó há gbogbo òfin sórí.

Nínú awo tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, wáyà méjì ni wọ́n ká síbẹ̀. Èkíní ń rán agbára òòfà wọlẹ̀, ó sì ń yí i síwá-sẹ́yìn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí agbára yẹn bá kan irin èyíkéyìí, iná kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo lára irin náà, iná yẹn náà á sì dá agbára òòfà tirẹ̀ sílẹ̀. Wáyà kejì ló ń gbọ́ èsì yẹn. Èsì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé, bó ṣe pẹ́ sí ni ẹ̀rọ ń sọ di nọ́ńbà fún ọ. Iná ń rìn geere nínú fàdákà àti bàbà, èsì wọn ń pẹ́, nọ́ńbà wọn á lọ sókè. Nínú fóìlì àti nínú bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ̀lì, kò rìn tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà wọn á wà nísàlẹ̀. Nǹkan tó tóbi tàbí tó nípọn náà ń ti nọ́ńbà sókè, ìdí nìyẹn tí agolo àlùmíníọ̀mù fi ń jọ fàdákà lójú ẹ̀rọ.

Irin gidi, èyí tí òòfà ń fà, ń fún ẹ̀rọ ní èsì méjì pa pọ̀, ti òòfà àti ti iná tó ń yípo. Lára ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́, ti òòfà ló ń borí, ẹ̀rọ á kùn. Ṣùgbọ́n ìdérí ìgò fẹ̀, ó sì rí róbótó. Iná ráyè yípo lójú rẹ̀ gan-an bó ṣe ń yípo lójú ṣílè. Nítorí náà kò burú pé ẹ̀rọ rẹ gbé nọ́ńbà gíga wá. Etí ìdérí yẹn ló máa tú u fó, ìdí nìyẹn tí ohun tí Kọ́lá sọ fi ń ṣiṣẹ́.

Èkejì, ìlú Èkó kún fún ariwo iná. Jẹnẹrétọ̀, ìnfátà, wáyà orí òpó, ẹ̀rọ Wi-Fi aládùúgbò, gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ sétí kọ́ìlì rẹ. Gbé kọ́ìlì dúró jẹ́ẹ́, má mì í. Bó bá ṣì ń dún, kì í ṣe ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Dín sensitivity, ìyẹn bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ràn tó, kù títí á fi dákẹ́, tàbí kí o pààrọ̀ ìkànnì bí ẹ̀rọ rẹ bá ní i. Kí fóònù rẹ jìnnà sí kọ́ìlì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé sensitivity sókè pátápátá kí ẹ̀rọ lè wọlẹ̀ jìn, kí wọ́n tó mọ̀, wọn ò gbọ́ ohùn kankan mọ́ láàárín ariwo. Kó rẹlẹ̀ díẹ̀ kó sì dákẹ́ dáa jù.

Ìyá_Ìbejì_Ìta_Fájì

Adé, owó àtijọ́ ni mo ń kó jọ, èmi kì í gbé ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń gbé e máa ń wá sọ́dọ̀ mi, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo fẹ́ sọ fún ọ: owó ilẹ̀ wa kì í ṣe irú irin kan. Ọdún tí wọ́n rọ ọ́ ló máa sọ bó ṣe máa dún. Bí o kò bá mọ èyí, wàá máa wá fàdákà níbi tí kọ́bọ̀ wà.

Kí wọ́n tó dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní 1912, owó fàdákà àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an la ń ná l'Ékòó. Láti 1913 ni ṣílè, ṣílè méjì, sísì (pẹ́nì mẹ́fà) àti tọ́rọ́ (pẹ́nì mẹ́ta) tiwa bẹ̀rẹ̀, fàdákà gidi ni wọ́n, igi ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn ṣílè. Àwọn wọ̀nyí ló máa dún lókè tente. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́, igi ọ̀pẹ kan náà, ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Nítorí náà bí ọmọ kan bá sọ fún mi pé ṣílè òun dún báyìí báyìí, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé, ọdún wo?

Àwọn oníhò wá ńkọ́? Ọ̀nìnì (ìdá kan nínú mẹ́wàá pẹ́nì), ẹ́pìnì (ààbọ̀ pẹ́nì) àti kọ́bọ̀ àtijọ́ (pẹ́nì kan) tí wọ́n lu láàárín, tó ní ìràwọ̀ olórígun mẹ́fà. Ọ̀nìnì ti 1907 jẹ́ àlùmíníọ̀mù, ó fúyẹ́ bí ìwé. Wọ́n tètè yí i padà sí bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí di 1952 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bàbà olómi pupa rọ ọ́. Ìyẹn ni pé ọ̀nìnì tí ìyá ìyá rẹ fi ra ẹ̀kọ lè máa dún nísàlẹ̀, ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú fóìlì sìgá àti irin kékeré tí à ń fà láti fi ṣí agolo mọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá pa gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ kí àwọn ìdọ̀tí yẹn má bàa yọ ọ́ lẹ́nu, ó ti pa ọ̀nìnì náà.

Owó ti 1959, èyí tí wọ́n rọ fún Nàìjíríà fúnra rẹ̀: sísì tó ní kòkó, ṣílè, ṣílè méjì, bàbà oníníkẹ̀lì ni gbogbo wọn. Kọ́bọ̀ àti ẹ́pìnì tibẹ̀ ni bàbà. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jẹ́ oníníkẹ̀lì, kọ́bọ̀ kan àti ààbọ̀ kọ́bọ̀ jẹ́ bàbà. Ó wá di 1991. Owó ọdún yẹn, títí kan náírà kan tó ní àwòrán Herbert Macaulay, irin ni nínú, wọ́n kàn fi nǹkan mìíràn bò ó lára. Fi òòfà sún mọ́ ọn, á lẹ̀ mọ́ ọn. Irú èyí á máa fò lójú ẹ̀rọ, á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á máa hùwà bí ìdérí ìgò torí ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí o bá ń gbẹ́ nǹkan tó ń fò tí o sì bá Macaulay níbẹ̀, má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu.

Owó ẹyọ kò ní dún láé. Karawun ni.

Ohun tí mo máa ní kí o ṣe nìyí. Wá owó kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí mo dárúkọ yìí, ọ̀pọ̀ àgbà ló ṣì ní díẹ̀ nínú àpótí. Tẹ́ wọn sórí tábìlì onípákó tí kò ní ìṣó, gbá kọ́ìlì lórí wọn níkọ̀ọ̀kan, kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀, kí o sì sọ ohùn wọn lọ́rọ̀ ara rẹ. Lẹ́yìn náà ri àwọn tí kò níye lórí mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá, ọ̀kan ní ìwọ̀n ìka, ọ̀kan ní ìwọ̀n ọwọ́, kí òmíràn dúró lórí etí rẹ̀. Wàá rí i pé èyí tó dúró lórí etí lè dún dáadáa ní ìhà kan kó sì rọ ní ìhà kejì. Ri ìdérí ìgò kan àti ìṣó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìwé tí o bá kọ nídìí èyí ni ìwé ẹ̀rọ rẹ gan-an.

Adé_Yábàá

Ẹ ṣé gan-an ni mà. Ẹ ṣé, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé 1991 ló yí gbogbo ẹ̀ padà. Mo ti pa gbogbo ohùn tó wà nísàlẹ̀ 40 lórí ẹ̀rọ mi, mo máa lọ ṣí wọn báyìí.

Ìgè_Tarkwa

Ti etí òkun: iyanrìn gbígbẹ tó wà lókè kò nira, bí ti ilẹ̀ ilé ló rí. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi tí omi ń dé. Iyọ̀ inú iyanrìn tútù ń jẹ́ kí iná rìn nínú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ á rò pé ilẹ̀ jẹ́ irin, á máa kígbe asán. Bí ẹ̀rọ rẹ bá jẹ́ èyí tó ń lo ìwọ̀n kHz kan ṣoṣo (ìyẹn iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí agbára òòfà rẹ̀ ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), dín sensitivity kù púpọ̀, lo ètò etí òkun bó bá ní i, kí o sì máa rìn ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú omi, má máa gbá kọ́ìlì láti ibi tútù bọ́ sí ibi gbígbẹ. Àwọn ẹ̀rọ tó ń lo ìwọ̀n kHz púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ń fara da iyọ̀ dáadáa. Àwọn tí wọ́n ń pè ní pulse induction ń fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í sọ irú irin tó jẹ́, gbogbo nǹkan lo máa gbẹ́.

Iyanrìn dúdú tí ìgbì ń kó jọ ní ìlà ìlà, irin wẹ́wẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Gbé kọ́ìlì sókè sódò níbi tí kò sí nǹkan kan, kí o ṣe ground balance tún, ìyẹn kí ẹ̀rọ mọ ohùn ilẹ̀ kó má sì kà á sí, kí o tó tẹ̀ síwájú.

Ní Elégúshì, sọ fún àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Owó tuntun, òrùka àti ìdérí ọtí lo máa bá jù. Òjé tí àwọn apẹja so mọ́ àwọ̀n náà wà káàkiri, ohùn rẹ̀ dùn, á tàn ọ́. Ó ń dùn mí pé Bar Beach, níbi tí Èkó ti ń ṣe fàájì láti ìgbà ṣílè, ti wọ abẹ́ iyanrìn Eko Atlantic. Bí o bá fẹ́ nǹkan àtijọ́, lọ lẹ́yìn ìgbà tí òkun bá ru, tó bá ti gé iyanrìn lọ. Ohun tó wúwo á wà nínú kòtò tí omi fi sílẹ̀.

Ṣadé_Agége

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ilẹ̀ pupa ńkọ́? Ọ̀dọ̀ wa ní Agége, ẹ̀rọ ọkọ mi ń kùn láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n da làtíráìtì sí àgbàlá náà nígbà tí wọ́n ń kọ́lé.

Bàbá_Rélùwéè

Ṣadé, irin ló mú ilẹ̀ náà pupa. Kí ọkọ rẹ ṣe ground balance lórí làtíráìtì yẹn gan-an, kì í ṣe lórí sìmẹ́ńtì, kó sì tún un ṣe bó bá ti kúrò lórí ilẹ̀ kan bọ́ sórí òmíràn. Nínú irú ilẹ̀ yìí, owó tó jìn lè dún bí irin, nítorí náà kó gbẹ́ àwọn ohùn tó wà láàárín méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí làtíráìtì bá nípọn, owó àtijọ́ ti wà lábẹ́ rẹ̀, kọ́ìlì lè má dé ibẹ̀. Ibi tí wọn ò dà á sí ni kó lọ: ìdí igi ògbólógbòó, ẹ̀gbẹ́ kànga.

Adé, mo gbàgbé èyí. Àdúgbò wa ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìdó ní 1896 ni ìṣó àti irin wẹ́wẹ́ ti ń bọ́ sílẹ̀. Bí owó bá sùn ti ìṣó, kọ́ìlì ńlá á rí méjèèjì pọ̀, ti ìṣó á sì bo ti owó mọ́lẹ̀. Kọ́ìlì kékeré ló dáa níbẹ̀. Máa gbá a jẹ́jẹ́, kí o sì jẹ́ kí ìgbá kọ̀ọ̀kan gun orí èyí tó ṣáájú. "Píì" kékeré tó bá yọ láàárín ìkùn méjì, dúró tì í, yí i ká.

Lọ́yà_Súrùlérè

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ohùn kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ gbẹ́: èyí tó tóbi, tó gùn, tó ń lọ ní ìlà gbọọrọ. Wáyà iná tàbí páìpù ni. Ẹ̀yin ti Tarkwa Bay mọ̀ pé páìpù epo ń gba ibẹ̀ láti Atlas Cove. Ẹ yẹra fún un. Ní agbègbè bárékè Ìkẹjà, níbi tí àdó olóró ti bú gbàmù ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2002, bọ́ǹbù tí kò bú fọ́n ká wọ àdúgbò. Bí ẹ bá kan irin tó wúwo tó rí róbótó gígùn, ẹ má fi ọkọ́ gbá a. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá.

Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílẹ̀, kódà bó jẹ́ ilé ẹbí, torí olórí ẹbí ló ni ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ohun tó jáde bá kọjá owó, bí ère, idẹ àtijọ́ tàbí ìkòkò, ẹ dúró níbẹ̀. Òfin wà lórí wíwa ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde, ó sì pọn dandan kí ẹ jẹ́ kí ìjọba mọ̀. Ẹ lọ bá àwọn National Commission for Museums and Monuments. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wọn wà ní Oníkan.

Adé_Yábàá

Mo ṣe bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Ṣílè idẹ ti bàbá mi àgbà ń dún tó dúró sójú kan. Náírà Macaulay ń fò káàkiri bí wọ́n ṣe sọ gẹ́lẹ́. Lánàá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ohùn kan jáde nísàlẹ̀, kò le, nọ́ńbà rẹ̀ kò ju 30 lọ, ṣùgbọ́n ó dúró ní ìhà méjèèjì, pinpoint náà sì bá a mu. Ibẹ̀ wà lára ohun tí mo ti pa tẹ́lẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n ọwọ́ kan: owó oníhò, ó dúdú, mo rí ìràwọ̀, mo sì rí lẹ́tà "H" kékeré lábẹ́ rẹ̀. Ọdún ni mi ò lè kà, yẹ̀pẹ̀ ti dì mọ́ ọn. Ṣé kí n fi yanrìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ ni?

Ìyá_Ìbejì_Ìta_Fájì

Rárá o! Má fi yanrìn kàn án, má fi ọṣẹ, má fi ọsàn wẹ́wẹ́. "H" yẹn ni àmì ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham, àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ máa ń wá a. Fi sínú omi mímọ́ lásán mọ́jú, pààrọ̀ omi náà bó bá ti pọ́n, kí o wá fi igi ìtayín rọra yọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lójú ọdún. Fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, má nù ún. Bó bá gbẹ tán, ya fọ́tò rẹ̀ síbí ní ojú méjèèjì, kí n lè bá ọ wò ó. Kí o sì padà sí ìdí kànga yẹn, torí ibi tí wọ́n ti ń tú owó ní etí aṣọ láti sanwó omi, ẹyọ kan kì í dá bọ́.